Maasi kámíọ̀n kì í ṣe ilẹ̀: èsì sí àbá "okùn ilẹ̀"

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa láti Kétu dábàá ọ̀rọ̀ méjì fún àwọn tó ń de ẹ̀rọ orin mọ́ kámíọ̀n: "okùn ilẹ̀" fún ohun tí àwọn oníná ọkọ̀ ní Àjàṣẹ́ ń pè ní maasi (okùn àti irin ọkọ̀ tí iná ń gbà padà sí bátìrì), àti "rírọ iná" fún ṣíṣáàjì bátìrì. Ẹ̀gbọ́n, mo gba ìkejì tọwọ́tẹsẹ̀. Àkọ́kọ́ ni mo bẹ̀ yín pé ká tún yẹ̀ wò.

Ilẹ̀ wà nínú iná ilé lóòótọ́: irin tí wọ́n gbá wọlẹ̀ lẹ́yìn ilé, tí wáyà rẹ̀ ń dáàbò bo ènìyàn. Orí táyà rọ́bà ni kámíọ̀n dúró sí, maasi rẹ̀ kò kan ilẹ̀ níbì kankan. Iná tó jáde ní orí pupa bátìrì á gba inú ampilí (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn orin sókè) kọjá, á sì bá ṣaasí (egungun irin ìsàlẹ̀ kámíọ̀n) padà sí orí dúdú. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ "okùn àbọ̀", kí ti pupa sì máa jẹ́ "okùn àlọ".

Orúkọ yìí kan iṣẹ́ gan-an. Ọmọ iṣẹ́ tó bá gbọ́ "ilẹ̀" á rò pé ààbò lásán ni, á fi wáyà tín-ín-rín kan irin èyíkéyìí tó bá sún mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀, ampilí 1000 wáàtì lórí bátìrì fóòtì 12 (agbára tó ń ti iná) lè fa ámpíà (iye iná tó ń ṣàn) 80 sí 100, gbogbo rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ padà. Bí okùn àlọ bá jẹ́ 35 mm², 35 mm² náà ni àbọ̀. (Fíùsì okùn àlọ kò sì gbọdọ̀ jìnnà sí bátìrì ju nǹkan bíi 45 cm lọ.)

Ẹ ha ọ̀dà ara ṣaasí títí irin á fi máa dán, ẹ lo bóòtì 8 mm àti wọ́ṣà eléyín, ẹ fún un le, kí ẹ wá fi gírísì bò ó kó má bàa dógùn-ún. Ẹ má ṣe de é mọ́ páànù kábíìnì. Orí rọ́bà ni kábíìnì kámíọ̀n púpọ̀ jókòó lé, okùn pẹlẹbẹ ló so ó mọ́ ṣaasí, bí ìyẹn bá sì ti dógùn-ún, àbọ̀ kò ní rọ́nà gbà. Láti mọ̀ bóyá ó dára, ẹ yí orin sókè, ẹ fi ọwọ́ tẹ́sítà (ẹ̀rọ tó ń wọn fóòtì) kan sí orí dúdú bátìrì, èkejì sí ibi okùn àbọ̀ lára ampilí. Fóòtì 0.1 sí 0.2 kò burú. Bó bá ju 0.5 lọ, ẹ tú u.

Ní ti "rírọ iná", ohun tó mú kó dùn mọ́ mi ni pé bí a bá ní bátìrì ti "gbaná", ẹlòmíì á sá, á rò pé ó ń jó ni. Ẹ jẹ́ ká fi "kún" tì í: bátìrì fóòtì 12 tó kún, tó sì ti sinmi fún wákàtí mélòó kan, á fi fóòtì 12.6 sí 12.7 hàn, ní 12.2 ó ti dé ìdajì. Bátìrì ọlọ́gọ́rùn-ún ámpíà-wákàtí (ìwọ̀n iná tó lè gbà), ámpíà 10 ló yẹ ká máa fi rọ ọ́.

Àbúrò wa láti Ṣábẹ̀ẹ́ bèèrè orúkọ ẹ̀rọ tó ń sọ iná fóòtì 24 di 12. Mo dábàá "adínnákù". Bátìrì fóòtì 12 méjì tó tò tẹ̀ lé ara wọn di 24 ló wà nínú kámíọ̀n púpọ̀, àwọn kan sì máa ń fa iná ampilí láti àárín wọn dípò kí wọ́n lo adínnákù. Bátìrì ìsàlẹ̀ (èyí tí orí dúdú rẹ̀ wà lára ṣaasí) á máa gbẹ, alitanatọ̀ (ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí láti pèsè iná) á ṣì máa rọ nǹkan bíi fóòtì 28 sí méjèèjì pọ̀, tòkè á gba ju ìpín rẹ̀ lọ, omi inú rẹ̀ á hó títí yóò fi bàjẹ́. Ẹ̀rọ tó ń mú kí méjèèjì kún bákan náà, "amúnádọ́gba" tọ́ sí i.

Ó ku orúkọ ariwo "wíìn" inú ẹ̀rọ orin tó ń ga bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń sáré, tó sábà máa ń wáyé nígbà tí rédíò àti ampilí bá ní ojú àbọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́ tí kámíọ̀n ọ̀nà Páràkú ń gba ọ̀dọ̀ yín kọjá, kí ni àwọn oníná ibẹ̀ ń pè é?