Àwọn àna mi ní kí àmàlà má wọ gbọ̀ngàn ìgbéyàwó ọmọ mi. Kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè (a fi orúkọ ẹni tó béèrè pamọ́)

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí gbogbo yín o. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mi ò lè sọ fún ará àdúgbò, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá síbí.

Àmàlà ni mò ń tà n'Íbàdàn. Ìyá mi ló ń tà á kí n tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Nídìí orógùn yìí ni mo ti tọ́ àwọn ọmọ mi, ibẹ̀ náà ni owó tí àkọ́bí mi fi parí yunifásítì ti wá. Ọlọ́run ti ṣe é, ó ti rí ọkọ, ọmọkùnrin gidi tó mọ ìwà á hù. Èkó ni àwọn òbí rẹ̀ ń gbé, èèyàn ńlá sì ni wọ́n. Mi ò ní ẹ̀sùn kankan sí ọmọ náà.

Ọjọ́ tí a jókòó sọ̀rọ̀ oúnjẹ ni nǹkan bẹ̀rẹ̀. Ìyá ọkọ mú ìwé mẹ́nù jáde: ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, ìrẹsì díndín, makaróni, sàláàdì, ẹja tútù tí wọ́n sun lódidi, oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà. Mo kà á dé ìsàlẹ̀, mi ò rí àmàlà. Mo ní ṣé ká fi kún un, pé èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi á rò ó láìgba kọ́bọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Màmá, éésì ló wà nínú gbọ̀ngàn yẹn. Òórùn ewédú àti gbẹ̀gìrì á lẹ̀ mọ́ aṣọ àwọn èèyàn. Tí ẹ bá ní àwọn tó fẹ́ jẹ àmàlà, a lè ta kánópì kékeré kan sẹ́yìn fún wọn."

Àwọn èèyàn mi ni wọ́n ń sọ o. Ẹgbẹ́ ọlọ́jà mi, àwọn ẹbí láti Ìsẹ́yìn, àwọn tó ń kó élùbọ́ fún mi láwìn nígbà tí ọkọ mi kú tí ọwọ́ mi gbẹ. Àwọn ni yóò jókòó sẹ́yìn nídìí jẹnẹrétọ̀, tí àwọn yòókù á máa jẹun nínú òtútù.

Ọmọ mi wà níbẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ìgbà tí a délé ló tó ní, "Màmá mi, ẹ jẹ́ ká ṣe é bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ, ọjọ́ kan ṣoṣo ni." Èyí gan-an ló dùn mí jù. Àwọn ló ń san owó gbọ̀ngàn, mo mọ̀. Ṣé kí n fi sílẹ̀ ni, àbí kí n sọ̀rọ̀? Tí mo bá máa sọ̀rọ̀, ta ni kí n bá sọ ọ́ tí kò ní di ìjà lé ọmọ mi lórí?

Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Èmi ní kí ẹ fi sílẹ̀. Ọmọ yín ló máa bá wọn gbé, ẹ̀yin kọ́. Ìyá ọkọ tí ẹ bá bá fa ọ̀rọ̀ nígbà ìnáwó, ó lè gbé e sínú títí ọmọ yín á fi bímọ kẹta. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ makaróni wọn.

Alásè, Agége

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrọ́jú. Oúnjẹ òde ni mò ń sè ní Èkó, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mò ń rí nídìí ìkòkò. Òde ìnáwó ni èèyàn ti ń mọ ipò tí wọ́n fi òun sí, àwo oúnjẹ ló sì ń sọ ọ́. Kí a tó gbé nǹkan jáde, olóde ti pín in fún wa. Àwọn tábìlì iwájú á yan ohun tó wù wọ́n: tòlótòló, ẹja odidi, ọtí inú yìnyín. Àwọn tó ra aṣọ ẹbí á gba ìrẹsì, ẹran méjì àti mọ́ínmọ́ín. Mo-gbọ́-mo-yà tó wà níta á gba ìrẹsì pẹ̀lú ẹran kan tí a gé wẹ́wẹ́. Kúlà wọn yàtọ̀ síra. Nígbà míì, ìkòkò tí a fi sè é gan-an yàtọ̀. Mo ti rí ìyá àgbà kan tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ gan-an, ankárá lásán ni wọ́n wọ̀, ọmọ agbáwo sì gbé ẹran kan lọ bá wọn. Wọ́n gbà á, wọ́n dúpẹ́. Ọjọ́ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi.

Ọ̀rọ̀ òórùn tí wọ́n sọ yẹn ò dúró o. Lẹ́kìí àti Ìkòyí ni wọ́n ti ń pè wá fún àmàlà jù báyìí. Wọ́n á ní ká gbé gáàsì wá, ká máa rò ó lójú gbogbo èèyàn. Àwọn tó wọ léèsì olówó iyebíye ló ń tò síwájú rẹ̀. Ọbẹ̀ ọ̀fadà náà, irú inú rẹ̀ ń ta sánsán ju ewédú lọ fíìfíì, kò sì sẹ́ni tó ń ní ká gbé e lọ sẹ́yìn.

Bàbá Owódé

Ohun tí Alásè fi parí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ dì mú. Ọmọ Ọbáfẹ́mi-Owódé ni mí, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ìlú Ọ̀fadà kò jìnnà sí wa. Ní kékeré mi, àwa ọmọ àgbẹ̀ la ń jẹ ìrẹsì Ọ̀fadà. Òkúta pọ̀ nínú rẹ̀. Ìyá mi á jókòó ti atẹ lójú ọ̀sán, wọ́n á máa fi ìka kan tì í sọ́tùn-ún sósì, òkúta lọ́tọ̀, ìrẹsì lọ́tọ̀, títí oòrùn á fi wọ̀. Èyí tó gbayì ni funfun tó ń ti òkè òkun bọ̀, Kérésìmesì àti Iléyá la sì ń rí i jẹ. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé lẹ́yìn 1970, tí ọkọ̀ ojú omi ń já ìrẹsì kalẹ̀ l'Ápápá, ó di oúnjẹ ọjọ́ Àìkú. Ẹni tó bá sè Ọ̀fadà níbi ìnáwó nígbà náà, wọ́n á ní ọwọ́ rẹ̀ kò tẹ́nu.

Ẹ wò ó lónìí. Wọ́n ń wé e sínú ewé eéran fún àlejò pàtàkì ní Èkó, ó sì wọ́n ju ti òkèèrè lọ. Irúgbìn rẹ̀ kò yí padà, irú ẹni tó ń jẹ ẹ́ ló yí padà. Ti òkèèrè náà sì ń padà sí ipò rẹ̀ àtijọ́: ìjọba ti ibodè ní oṣù kẹjọ 2019, nígbà tó fi di 2024 àpò ìrẹsì 50 kílò ti lé ní 70,000 náírà, ọ̀pọ̀ ilé sì tún ti ń dúró de ọdún kí wọ́n tó sè é.

Àwọn baba wa náà to oúnjẹ nípò, ẹ má jẹ́ ká parọ́. Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ọkà tó ṣìkejì yẹn, òun náà ni àmàlà yín. Kò sẹ́ni tó tì í sẹ́yìn ilé láyé àwọn baba wa.

Ọmọ Mọ́lété

Nílé olóògbé Lamidi Adédibú, àgbà olóṣèlú Ìbàdàn tó kú ní 2008, ní Mọ́lété, àmàlà kan náà ni olóṣèlú ńlá àti ọmọ gáréèjì ń jẹ. Òótọ́ ni pé ó fi ń so àwọn èèyàn mọ́ra rẹ̀ ni, torí ẹni tó ń bọ́ ọ ló ni ọ́. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn ò mọ àmàlà olówó yàtọ̀ sí ti tálákà. Ọlọ́kọ̀ bọ̀gìnnì àti ọlọ́kadà ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan. Ẹ sọ ìyẹn fún wọn.

Ọmọ Pópó Àgùdà, Èkó

Ní tiwa, fríjọ́ọ̀nù la máa ń jẹ lọ́jọ́ Ẹtì Rere, ẹ̀wà tí a lọ̀ pẹ̀lú omi àgbọn. Àwọn baba ńlá wa tó ti oko ẹrú Brazil bọ̀ ló gbé e wá. Ní Salvador, ní Bahia lọ́hùn-ún, àkàrà wa ṣì wà, acarajé ni wọ́n ń pè é. Ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin aláàkàrà náà sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 2005. Síbẹ̀, nígbà tí FIFA ń gbé ìdíje bọ́ọ̀lù bọ̀ ní 2013, òfin wọn ò fẹ́ kí àwọn obìnrin yìí tà nítòsí pápá Fonte Nova. Wọ́n kó ìbuwọ́lùwé jọ, wọ́n béèrè ní gbangba, wọ́n sì rí àyè gbà. Ẹ̀yin náà ẹ béèrè. Ẹ má dákẹ́.

Ọmọ Alákàrà, Marina

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú sí ọmọ yín. Èmi náà ọmọ olóúnjẹ ni mí, báńkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọ́fíìsì wa, ẹni tó bá gbé búrẹ́dì àti sàláàdì wá á jẹ ẹ́ lórí tábìlì rẹ̀. Ẹni tó bá gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá wá á dúró títí ọ̀gá á fi jáde, tàbí kó lọ jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀. Kò sófin tó sọ bẹ́ẹ̀, ojú tí wọ́n fi ń wo èèyàn ni. Nígbà tó bá yá, ara èèyàn á ti kọ́ ọ: á máa ṣí fèrèsé kó tó ṣí abọ́. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló mú ọmọ yín dákẹ́. Ẹ pè é jókòó lẹ́yìn ọjà, ẹ bi í léèrè ohun tó ń bà á lẹ́rù, kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ ohunkóhun.

Alága Ìdúró, Abẹ́òkúta

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀, torí wọ́n ti lọ́ mọ́ra. Ohun tí wọ́n ń jẹ nínú gbọ̀ngàn jẹ́ ti ẹni tó gba gbọ̀ngàn. Ibi tí èèyàn yín máa jókòó sí, ìyẹn ò sí lọ́wọ́ ẹnì kan. Ẹ gba mẹ́nù wọn, ẹ kọ kánópì. Kí gbogbo èèyàn yín jókòó sínú, kí wọ́n sì jẹ ohun tí àwọn yòókù bá jẹ, ẹran kan náà, àwo kan náà.

Èkejì: ìdána ńkọ́? Ilé ìyàwó ló ni ọjọ́ yẹn látayébáyé. Ẹ̀yin lẹ ni àga, ẹ̀yin lẹ ni ìkòkò, àwọn ló ń wá tọrọ. Nínú ẹrù ìyàwó tí wọ́n máa gbé wá, iṣu á wà níbẹ̀. Ẹ ṣe ìdána yín n'Íbàdàn, kí ẹ rò ó kó gbóná, kí ẹ gbé e síwájú ìyá ọkọ fúnra wọn pẹ̀lú ẹran ṣàkì, ọ̀rá àti ẹja. Mi ò tíì rí àna tó kọ oúnjẹ ìdána.

Ẹ má fi ẹnu ara yín rán iṣẹ́ náà o. Kí ọmọ yín bá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sọ ọ́, kí ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan nínú ẹbí yín sì bá bàbá ọkọ sọ ọ́ bí àgbà méjì.

Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìjókòó, mo gbà. Oúnjẹ ni mo ní kí ẹ fi sílẹ̀, mi ò ní kí wọ́n kó ẹbí yín sẹ́yìn.

Ẹni tó béèrè

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo pe ọmọ náà lálẹ́ àná lẹ́yìn tí a palẹ̀ mọ́. Ó sunkún. Ó ní kì í ṣe pé ojú mi ń tì òun, pé àwọn àbúrò ọkọ máa ń béèrè ibi tí òun ti jẹun dàgbà, òun kò sì mọ ohun tí òun lè fèsì. Mo ní kó sọ fún wọn pé ilé alámàlà. Ó ti bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kánópì, ọmọ náà ní òun ò mọ̀ rárá pé wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, pé kò ní ṣẹlẹ̀. Bàbá Ìsẹ́yìn á bá bàbá ọkọ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú.

Ìdána, Ìbàdàn ni, mo ti pinnu. Àwọn tí mo ń bọ́ lójúmọ́ máa ń jókòó díẹ̀díẹ̀ ni, mi ò tíì rò fún ọgọ́rùn-ún mẹ́ta èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà rí. Alásè Agége, ẹ bá mi dá sí i. Ṣé kí n ti rò ó sínú kúlà láti àárọ̀ ni?

Alásè, Agége

Rárá o. Tó bá pẹ́ nínú kúlà, á sunmi. Ẹ kó gáàsì mẹ́ta lọ, kí ẹni mẹ́ta máa rò ó bí àwọn èèyàn ṣe ń jókòó, kí ẹ wé èyí tó kọ́kọ́ jáde sínú láílọ́ọ̀nù kó lè dúró díẹ̀. Ẹ ra élùbọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú kí ẹ lè kọ́kọ́ rò díẹ̀ wò. Gbẹ̀gìrì ni kẹ́ ẹ sè kẹ́yìn, torí ó tètè ń kan. Ọjọ́ wo ló bọ́ sí?