Èsì: "Ìmújáde ẹja igbó inú òkun" kọ́ o

Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Kàbà.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ìsánlú ní kí àkọlé ìwé tí a ń túmọ̀ jẹ́ "Ìlọsókè ìmújáde ẹja igbó inú òkun ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan". Ẹ dákun, ẹ fi igbó sílẹ̀ fún ẹran. Ẹja tí ẹnikẹ́ni ò sìn, ẹja pípa ni. Èyí tí a ń sìn nínú adágún, ẹja sínsìn. Ìyá ẹlẹ́ja tó ń ta pánlá lọ́jà á gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan.

"Ìmújáde" gan-an ló ń bí mi nínú. Ta ló mú ẹja òkun jáde? Peru pa ẹja kékeré tí wọ́n ń pè ní áńṣófì títí wọ́n fi pa á ní àpajù. El Niño, ìyípadà ojú ọjọ́ tó máa ń mú omi òkun ibẹ̀ gbóná, wá dé ní 1972, ẹja bá di ọ̀wọ́n. Ní 1992, Kánádà fòfin de pípa ẹja kọ́ọ̀dù létí òkun Newfoundland. Ọkọ̀ wà, àwọ̀n wà, apẹja wà; ẹja ni kò sí.

Síbẹ̀, "pípa" nìkan ò tó. Èyí tí wọ́n pa tán tí wọ́n tún dà sómi ò sí nínú iye tí FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé, ń tẹ̀ jáde. Ohun tí mo dábàá ni "àpabọ̀": a pa á, a sì gbé e bọ̀, bíi ti ọdẹ.

Ti "orílẹ̀-èdè" ńkọ́? Àsíá ọkọ̀ ni FAO ń wò, kì í ṣe omi tí wọ́n ti pa ẹja. Ohun tí ọkọ̀ Ṣáínà pa létí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Ṣáínà ni wọ́n ń kà á fún. Tí a bá wá kọ "ẹja òkun Ṣáínà", a ti ṣi òǹkàwé lọ́nà nìyẹn. "Àpabọ̀ Ṣáínà" ló tọ́.

Ẹni tó ní ká kúkú kọ "ẹja omi" ti da ẹja Ọya tí wọ́n ń pa ní Lọ́kọ́ja pọ̀ mọ́ ti òkun, bẹ́ẹ̀ ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kà á. (Ẹ má sì gbàgbé àmì ohùn, kí ará ibòmíì má rò pé ẹja àwa ọmọ Okun, ará Kàbà, là ń sọ.)

"Ìlọsókè" náà ò bá a mu. Láti apá ìparí àwọn ọdún 1980 ni àpabọ̀ òkun gbogbo ayé ti ń rìn yí ká nǹkan bíi mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 80. Ti Japan tilẹ̀ ti já wálẹ̀ gidigidi. "Ìrìn", tó gba ìlọsókè àti ìwálẹ̀ pọ̀, ni mo fara mọ́: "Ìrìn àpabọ̀ ẹja òkun láàárín àwọn orílẹ̀-èdè".

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju "àpabọ̀" lọ, kó sọ ọ́ kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé.