Ìbẹ̀rù Badoo dé Ìjọ̀kà

Èmi ò gbé Ìkòròdú rí. Àkúrẹ́ ni mo wà, ní Ìjọ̀kà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn apààyàn tí wọ́n ń pè ní Badoo dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì kù díẹ̀ kó gba ẹ̀mí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ẹni tó bá ti dàgbà nígbà náà á rántí. Láàárín 2016 sí 2017, àwọn apààyàn wọ̀nyí ń wọlé onílé lóru ní Ìkòròdú àti agbègbè rẹ̀, títí dé ìhà Ògíjo ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọmọ ọlọ ni wọ́n fi ń fọ́ àwọn èèyàn lórí lójú oorun, bàbá, ìyá, àtọmọ ọwọ́. Wọ́n ní áńkáṣíìfù funfun ni wọ́n fi ń nu ẹ̀jẹ̀ wọn lọ.

Ìbẹ̀ṣẹ̀ ní Ìkòròdú ni àbúrò mi obìnrin ń gbé, nínú ilé tí wọn ò tíì rẹ́, tó jẹ́ pákó ni wọ́n fi dí ojú fèrèsé. Ọkọ rẹ̀ máa ń bá àwọn lándílọ́ọ̀dù ṣọ́ òru. Àwọn obìnrin á kó ọmọ wọn jọ sílé ẹnìkan. Wọn ò sùn o, wọ́n kàn ń jókòó ti àwọn ọmọ ni. Nígbà tí agara dá àbúrò mi, ó kó àwọn ọmọ tiẹ̀ wá bá mi.

Alẹ́ ọjọ́ tó dé, ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó gbé ọmọ ọlọ mi, ó ṣàn án, ó fi àkísà nù ún gbẹ, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mi ò bi í ní nǹkan kan. Láràárọ̀ ni mo ń dọ̀bálẹ̀ wá a lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí n tó lọ ata. Ìyá onílé wa gbọ́, òun náà gbé tirẹ̀ wọlé, ni gbogbo àdúgbò bá ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù keje 2017, ìròyìn kàn pé èrò lu aláwàdà kan àtàwọn tó bá a rìn pa ní Ìkòròdú, wọ́n ní Badoo ni wọ́n. Wọn kì í ṣe Badoo rárá. Gbogbo wa ló káàánú wọn ní Ìjọ̀kà.

Kò pẹ́ sígbà náà, ọmọkùnrin kan wọ àdúgbò wa nírọ̀lẹ́, ó ń béèrè ilé bíríkìlà kan. Yorùbá ò dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n tú àpò rẹ̀, wọ́n bá áńkáṣíìfù funfun. Àbúrò mi ló kọ́kọ́ figbe ta. Mi ò lè bá a wí, nítorí mo mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Kí n tó dé ibẹ̀, wọ́n ti fa ṣẹ́ẹ̀tì ya lọ́rùn ọmọ náà, ètè rẹ̀ ti wú. Ọmọ tó ń lẹ táyà níkorítá wa, ọmọlúàbí tó máa ń bá mi gbé ẹrù, òun ló ń yí táyà bọ̀. Mo pe orúkọ rẹ̀, kò tilẹ̀ wo ojú mi.

Alága àwọn onílé, bàbá arúgbó, ló dùbúlẹ̀ lé ọmọ náà lórí. Ó ní, “Ẹ pa wá pọ̀.” Ibẹ̀ ni bíríkìlà ti sáré dé, ó ń kígbe pé lébírà òun ni, pé Òkènè ló ti ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́. Òógùn ló fẹ́ fi áńkáṣíìfù nù.

Lọ́jọ́ kejì, àbúrò mi se ìrẹsì, ó gbé e lọ síbi iṣẹ́ wọn láti bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní ó ti wọ mọ́tò padà sí Òkènè.