Rédíétọ̀ stíìmù ò gbóná dé òpin, báwo la ṣe ń lé afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde?

Àdùkẹ́Newark:
Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin èèyàn mi. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé àtijọ́ kan ní Newark ní Amẹ́ríkà níbí, bọ́ílà stíìmù ló ń mú ilé gbóná, àwọn rédíétọ̀ onírin ńláńlá yẹn. Tìsàlẹ̀ ò ní wàhálà, àmọ́ ti yàrá àwọn ọmọ lókè, ibi tí páìpù ti wọlé nìkan ló ń gbóná, ìyókù á kàn tutù nini, tó bá sì di òru á bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbàgà gbàgà bíi pé ẹnì kan ń fi òòlù lu páìpù, làwọn ọmọ bá jí. Ọkọ mi ní afẹ́fẹ́ ló há sínú ẹ̀. Ibo la ti máa tú u? Mi ò rí ojú ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀ o.

ỌmọPeckham:
Kọ́kọ́rọ́ rédíétọ̀ kì í wọ́n jàre. Ẹ fi tú nǹkan kékeré tó wà lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́, á ṣe ṣìì, tí omi bá ti ń yọ, ẹ tì í padà. Bá a ṣe ń ṣe é ní London níbí nìyẹn.

BàbáBọ́ílà:
Peckham, omi gbígbóná ló wà nínú tiyín, stíìmù kọ́.

Màdáámù, ẹ fi ti kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Páìpù kan ṣoṣo ló wọnú rédíétọ̀ yín, àbí? Inú ẹ̀ náà ni stíìmù ń gbà wọlé tí omi ń gbà padà sí bọ́ílà. Tí bọ́ílà bá kú, afẹ́fẹ́ á tún kún inú rédíétọ̀. Ẹ wo òdìkejì ibi tí fáàfù (ohun tẹ́ ẹ fi ń ṣí stíìmù tẹ́ ẹ sì fi ń tì í) wà, ní nǹkan bí ìdajì gíga ẹ̀, ẹ máa rí nǹkan kékeré kan aláwọ̀ sílífà tó ní ihò lórí. Fẹ́ǹtì nìyẹn. Stíìmù á máa ti afẹ́fẹ́ jáde níbẹ̀, tí ooru ẹ̀ bá ti wá kan fẹ́ǹtì, á pa ara ẹ̀ dé. Kò sẹ́ni tó ń tú u. Tó bá ti dí, afẹ́fẹ́ ò ríbi jáde nìyẹn, stíìmù ò sì ní ríbi wọlé.

Ẹ pa bọ́ílà, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá (stíìmù ń bó èèyàn lára o), kẹ́ ẹ tó yọ fẹ́ǹtì. Ẹ fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i, tí kò bá kọjá, ẹ ra tuntun. Ẹ we trẹ́ẹ̀dì téèpù (téèpù táwọn pọ́lọ́mbà ń we mọ́ ẹnu páìpù) mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sì rí i pé ó dúró ṣánṣán.

Ti ariwo yẹn, omi ló dúró sínú ẹ̀. Ẹ ṣí fáàfù tán tàbí kẹ́ ẹ tì í tán, ẹ má fi sí àárín láéláé, kẹ́ ẹ sì fi nǹkan pẹlẹbẹ ti ẹsẹ̀ rédíétọ̀ lápá ibi tí fẹ́ǹtì wà, kó lè dagun díẹ̀ sọ́dọ̀ fáàfù.

BronxBọ̀dá:
Tèmi ń tu omi sílẹ̀ látojú fẹ́ǹtì ni, súpà (ẹni tó ń bójú tó ilé wa) ní kí n gbé ike sábẹ́ ẹ̀ 😂

Àdùkẹ́Newark:
Ẹ ṣé gan-an sà. A ti rí i, ẹni tó ta ilé fún wa ti fi ọ̀dà funfun kun ún pa, ihò ẹ̀ ò hàn mọ́ rárá. Fáàfù náà, ìdajì ló wà. Àmọ́ mo rí fẹ́ǹtì ilé iṣẹ́ Gorton, 4, 5, 6, C àti D lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èwo ni kí n rà?

BàbáBọ́ílà:
4 ló lọ́ra jù, D ló yára jù. Ẹ fi 6 tàbí C sí ti òkè tó jìnnà sí bọ́ílà yẹn, kẹ́ ẹ fi 4 tàbí 5 sí èyí tó sún mọ́ tàmósítáàtì (nǹkan ara ògiri tó ń tan bọ́ílà tó sì ń pa á), torí tíyẹn bá yára gbóná, á pa bọ́ílà kí stíìmù tó dókè. Ẹ tún wo fẹ́ǹtì ńlá tó wà ní basement, níparí páìpù gbọọrọ yẹn, wọ́n sábà máa ń gbàgbé ẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí pọ́lọ́mbà kankan sọ pé òun fẹ́ fi kún agbára stíìmù o, psi 2 (psi la fi ń wọn agbára stíìmù) ti pọ̀ jù fún ilé gbígbé.

Bọ̀dá Bronx, fẹ́ǹtì yín ti kú. Kí súpà pààrọ̀ ẹ̀. Tí ilé bá wá tutù láàárín October 1 sí May 31, òfin New York ni pé tí ìta bá ti wálẹ̀ ju 55°F lọ, láti aago mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́wàá alẹ́, inú ilé gbọ́dọ̀ tó 68°F ó kéré tán. Ẹ pe 311, nọ́ńbà ìjọba ìlú New York.