Bàbá wa kú láìṣe ìwé ìhágún: ṣé ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló lè lọ sí kóòtù?

ỌmọỌbòkun:
Ẹ kú ilé, ẹ̀yin ará. Ìsọ́kùn ni mò ń gbé, ní Iléṣà. Bàbá wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, papò dà ní oṣù kejì. Wọn ò ṣe ìwé ìhágún. Ilé tí à ń gbé, oko kòkó lọ́nà Ìpetu àti owó díẹ̀ ní báńkì ni wọ́n fi sílẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti gbé ìyá mi níyàwó, sátífíkéètì wà. Nígbà tó yá wọ́n tún san owó orí ìyàwó kejì, ó bí ọmọ méjì fún wọn. Àbíkẹ́yìn wa ṣì jẹ́ ọmọ ọdún 13.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní òun ni Bàbá kọ sí next of kin, pé òun lòun ni owó báńkì. Àbúrò Bàbá ní ìdí igi la máa pín ogún sí, ìyẹn ni pé iye ìyàwó tó bímọ la máa fi pín in, kí ìyá mi jókòó sí àyè ẹ̀. Báńkì ní àwọn ò ní yọ kọ́bọ̀ àfi tí a bá mú Letter of Administration (ìwé àṣẹ kóòtù láti bójú tó ogún òkú) wá. Níbo ni wọ́n ti ń gbà á? Ẹnìkan sì ti ń wá wo oko kòkó yẹn bíi ẹni tó fẹ́ rà á.

Àdùkẹ́Ẹ̀rẹ́jà:
Ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n gbà á jàre, òun ni Dáwódù. Kóòtù á kàn jẹ owó yín ni.

BàbáRejísírì:
Àdùkẹ́, wàá dá ìjà sílẹ̀ nílé onílé!

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Iṣẹ́ rejísírì kóòtù ni mo ṣe dé ìfẹ̀yìntì, ọ̀rọ̀ next of kin yìí sì ti sú mi. Ẹni tí báńkì máa ké sí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni. Kò sọ ọ́ di olówó.

Sátífíkéètì ṣọ́ọ̀ṣì yẹn gan-an ni kí ẹ mú dání. Àṣà wa ni ìdí igi lóòótọ́. Ìdílé Dawodu ní Èkó gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ dé Privy Council ní London, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún wa nígbà náà, wọ́n dá a ní 1962: ìyàwó 4, ọmọ 9, ọ̀nà 4 ni wọ́n ní kí wọ́n pín in sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe ìgbéyàwó alábẹ́ òfin, irú èyí tí ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fọwọ́ sí ń so, òfin ogún tó wà nínú ìwé òfin Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn ti 1959, èyí tí àwọn ìpínlẹ̀ wa jogún, fún ìyàwó ní ìpín tirẹ̀. Àbúrò Bàbá ò lè fi ẹnu lásán gbà á lọ́wọ́ ìyá ẹ.

Òfin ò ka ìyàwó kejì sí ìyàwó, nítorí ìgbéyàwó àkọ́kọ́ ò tíì tú. Àwọn ọmọ ẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ń jogún bí ẹ̀yin náà. Abala 42 nínú òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ò jẹ́ kí a fi bí wọ́n ṣe bí ọmọ dù ú ní ẹ̀tọ́. Ẹ má fi orúkọ wọn pamọ́ fún kóòtù. Mo ti rí ilé tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ ọ̀hún dàgbà ju ọmọ tí wọ́n fi pamọ́ lọ.

Ilé ẹjọ́ gíga ló ń fúnni ní lẹ́tà yẹn, kì í ṣe kóòtù ìbílẹ̀. Ẹ bèèrè ẹ̀ka Probate, àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ogún, ní Òṣogbo. Ẹ mú sátífíkéètì ikú ti National Population Commission lọ, ẹ kọ gbogbo dúkìá àti gbèsè sílẹ̀, ẹ wá onídùúró. Wọ́n á kéde kí ẹni tó bá ní àríwísí lè sọ ọ́. Owó tí ẹ máa san wà lórí iye tí dúkìá tó, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń kọ ilé alájà méjì sílẹ̀ bíi ahéré.

Nítorí ọmọ ọdún 13 yẹn, ẹnìkan ò tó láti gba lẹ́tà náà. Ó kéré tán ẹni méjì ni, wọn ò sì gbọdọ̀ ju mẹ́rin lọ. Ìyá ẹ àti ẹ̀gbọ́n ẹ á dáa. Bí ẹ̀gbọ́n bá fẹ́ yọ́ lọ fúnra ẹ̀, lọ fi caveat, ìyẹn ìwé ìdádúró, sílẹ̀ ní rejísírì, wọn ò ní fún un láìpè ọ́. Ẹni tó bá sì gba lẹ́tà, olùtọ́jú ni, ó máa jíhìn.

Ta ló dá oko kòkó yẹn?

ỌmọỌbòkun:
Ẹ ṣeun, Bàbá. Baba bàbá mi ló dá apá kan. Bàbá ra ìyókù fúnra wọn, risíìtì wà lọ́wọ́ ìyá mi.

BàbáRejísírì:
Ó dáa bí mo ṣe bèèrè. Ti baba bàbá yín, ilẹ̀ ẹbí ni, àbúrò Bàbá ní ẹnu níbẹ̀. Èyí tí Bàbá rà nìkan ni kí ẹ kọ sínú ìwé kóòtù. Kí ẹni tó fẹ́ ra oko náà mọ̀ pé kò sí ẹnìkan tó lè dá tà á fún un báyìí. Kí ìyá ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni ní risíìtì yẹn, ẹ̀dà ẹ̀ ni kí wọ́n máa fi hàn.