NNS Thunder: nọ́ńbà wo ni ká kọ sí i lára, ìbọn wo ni ká gbé síwájú rẹ̀?

ỌmọAdó béèrè:
Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Àwọn ọmọ kíláàbù ilé ìwé kan l'Adó-Èkìtì ń fi pákó gbẹ́ NNS Thunder, ọkọ̀ ogun ojú omi Nàìjíríà, ìwọ̀n 1 sí 200. Àríyànjiyàn ti dé. Ẹnì kan ní frigate (irú ọkọ̀ ogun ńlá kan) ni, ẹlòmíì ní ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà ni. Nínú àwòrán, òmíràn funfun, òmíràn rí bí eérú, ìbọn iwájú wọn ò sì jọra. Èwo ni ká tẹ̀ lé?

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Ìjerò:
Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn. Chase lorúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà, nọ́ńbà 718. Avondale ní Louisiana ni wọ́n ti kàn án, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1968. Ó dé Vietnam ní 1969 sí 1970. Nàìjíríà gbà á lóṣù karùn-ún 2011. Lóṣù kìíní 2012 ló di Thunder, F90. Títóbi rẹ̀ la wò tá a fi ń pè é ní frigate. Kò ní mísáìlì o.

Mítà 115.2 ni gígùn rẹ̀, ìbú 13.1. Pákó yín á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 57.6 sí 6.55.

Ẹ kọ́kọ́ mú ìgbà kan. Ìbọn ínṣì 5 ló wà níwájú rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún irú ọkọ̀ yìí ṣe, láti ìparí àwọn ọdún 1980 wọ àwọn ọdún 1990, wọ́n fi ti mìlímítà 76 rọ́pò rẹ̀, èyí tí orí rẹ̀ rí roboto. F90 pẹ̀lú ìbọn ínṣì 5? Àṣìṣe gbáà ni.

Baba_Mẹkáníìkì_Ìkẹ́rẹ́:
Àbúrò, ẹ ṣọ́ra fún àwòrán Okpabana náà. Ìkejì rẹ̀ ni, Gallatin tẹ́lẹ̀, 721. F93 ló wà lára rẹ̀ báyìí.

Sìmìní méjì ló ní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ má tò wọ́n síwá-sẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì ibẹ̀ pọ̀: dísẹ̀ méjì, agbára ẹṣin 3,500 lọ́kọ̀ọ̀kan, àti tọ́báìnì méjì (ẹ́ńjìnnì bíi ti ọkọ̀ òfuurufú), 18,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Omi gbígbóná àti tútù a máa pàdé n'Ìkògòsí, àmọ́ dísẹ̀ àti tọ́báìnì ọkọ̀ yìí kì í jọ yí ọ̀pá kan pọ̀. Dísẹ̀ ni fún ìrìn jẹ́ẹ́jẹ́; tọ́báìnì ni fún eré, ó sì ń mu epo bí ẹni ń da omi.

Dísẹ̀ ọ̀hún, tí ilé iṣẹ́ Fairbanks-Morse ṣe, kò ní tọ́ọ̀pù sílíńdà, ìyẹn ìdérí orí sílíńdà. Písítìn méjì ló ń dojú kọ ara wọn nínú láínà kan (ọ̀pá oníhò tí písítìn ń rìn nínú rẹ̀), kíráńkì (ọ̀pá tí písítìn ń yí) kan lókè, kan nísàlẹ̀. Sílíńdà 12, písítìn 24. Bí láínà kan bá jẹ, kíráńkì òkè gbọ́dọ̀ kúrò kẹ́ ẹ tó yọ ọ́.

ỌmọAdó:
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. F90 la mú. Ṣé ká kun ìpẹtà díẹ̀ sí i kó lè dà bí ọkọ̀ àgbà?

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Ìjerò:
Ìsàlẹ̀ nìkan. Irin ni ara ọkọ̀, òun ló ń dógùn-ún pupa. Aluminiomu ni ilé òkè, kì í pọ́n. Ibi tí méjèèjì ti fara kan ara wọn ni ọ̀dà ti máa ń wú bí ìléròrò, tí ìyẹ̀fun funfun á máa jáde lábẹ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àti ọ̀dà funfun díẹ̀ ti tó ibẹ̀.