Olú tí wọ́n ń gbìn sínú àpò náílọ́ọ̀nù: ṣé ó lè rọ́pò ẹran fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru?

Ìyá Ìbejì, Àkúrẹ́

Mo kí gbogbo yín o. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ọkọ mi ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, nígbà tí a sì lọ rí dókítà ní oṣù tó kọjá, wọ́n ní kí a dín ẹran màlúù àti iyọ̀ kù. Ọmọkùnrin kan ní àdúgbò wa ń gbin olú, irú èyí tí wọ́n ń pè ní oyster, tí ó fẹ̀ pẹrẹsẹ bí etí. Mo fi ro ẹ̀fọ́, ọkọ mi sì jẹ ẹ́ láìbéèrè ẹran. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé ọmọ náà tún ń ta olú gbígbẹ tí ó lọ̀ kúnná sínú ìgò, ó ní ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti jẹjẹrẹ, pé ẹni tí ó bá ń lò ó kò nílò oògùn òyìnbó mọ́. Ọkọ mi, tí oògùn ti sú, ti ń fetí sí i. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ó wà nínú olú yìí gan-an, ibo sì ni agbára rẹ̀ mọ?

Onímọ̀ Oúnjẹ, Ìbàdàn

Ẹ kú ìtọ́jú o, Ìyá Ìbejì. Ẹ má jẹ́ kí Bàbá Ìbejì fi oògùn sílẹ̀. Ibẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá wọn 100 gíráàmù olú oyster tútù, nǹkan bí 90 nínú rẹ̀ ni ó jẹ́ omi. Ìdí nìyẹn tí olú tí ó kún ìkòkò dẹ́nu fi ń sọ̀ kalẹ̀ di ẹ̀kúnwọ́ kan kí ata tó hó. Èròjà amúaradàgbà inú rẹ̀ lé díẹ̀ ní gíráàmù 3, bẹ́ẹ̀ ẹyin adìyẹ kan ṣoṣo ní tó 6. Àwọn tí ń polówó olú gbígbẹ máa ń fi amúaradàgbà rẹ̀ wé ti ẹran, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ pé ó tó kílò kan olú tútù kí ó tó gbẹ di 100 gíráàmù. Nítorí náà, bí ẹ bá dín ẹran kù, ẹ jẹ́ kí ẹ̀wà, ẹ̀gúsí tàbí ẹja bá olú kẹ́gbẹ́. Fítámì B12 tí ẹran, ẹja àti ẹyin ń fún wa kò sí nínú olú níye tí a lè gbójú lé.

Ohun tí kò sí nínú olú náà gan-an ni ó wúlò jù fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ọ̀rá rẹ̀ kò tó ìdajì gíráàmù nínú 100, kò ní kolẹ́sítíróòlù, sódíọ̀mù rẹ̀ kò tó 20 mílígíráàmù, nígbà tí potásíọ̀mù, tí ń ran ara lọ́wọ́ láti lé iyọ̀ jáde, tó nǹkan bí 400. Ó tún ní adùn àbímọ́, nítorí pé glutamate, ohun kan náà tí ń mú amọ́bẹ̀dùn onígun dùn, wà nínú rẹ̀. Ẹ yan án nínú ìkòkò gbígbóná láìbu omi sí i, títí omi ara rẹ̀ yóò fi gbẹ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò sì pọ́n, kí ẹ tó da ata àti àlùbọ́sà lé e. Ní ilé tèmi, ìkòkò tí mo máa ń fi kúùbù mẹ́ta sí, ẹyọ kan ló ń gbà báyìí.

Ní ti ìwòsàn, òótọ́ díẹ̀ ti dà pọ̀ mọ́ irọ́ lẹ́nu ọmọ náà. Fáíbà kan tí a ń pè ní beta-glucan wà nínú olú, ó sì lè dín kolẹ́sítíróòlù kù díẹ̀. Wọ́n tún ti rí lovastatin, oògùn tí àwọn dókítà ń kọ fún ẹni tí ọ̀rá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, nínú olú oyster. Ṣùgbọ́n iye rẹ̀ nínú olú kan yàtọ̀ sí ti òmíràn, kò sì sí ẹni tí ó lè wọ̀n ọ́n nínú ọbẹ̀ bí a ti ń ka hóró oògùn. Ti jẹjẹrẹ tí ó mẹ́nu bà, ọjà ni ó ń tà.

Àgbẹ̀ Olú, Òṣogbo

Èmi náà ń gbìn ín, n kò sì ní tìtorí ọjà mi parọ́. Kí ẹ tó rà, ẹ béèrè ibi tí ọmọ náà ti ń kó lẹ́búlẹ́bú pákó tí ó ń gbin olú sí, nítorí pé olú máa ń fa òjé àti irú májèlé bẹ́ẹ̀ láti inú ohun tí ó hù lé. Pákó tí wọ́n ti fi oògùn kòkòrò pa kò dára fún un. Ẹ sè é jinná dáadáa, kí ẹ má ṣe jẹ ẹ́ ní tútù, torí àwọn èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí iná nìkan ń pa. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbà fítámì D lára rẹ̀, ẹ ya á wẹ́wẹ́, kí ẹ sá a sóòrùn ọ̀sán fún wákàtí kan, kí abẹ́ rẹ̀ kọjú sókè. Ẹ̀tù inú ìgò? Bí kò bá ní nọ́ńbà NAFDAC lára, èmi kò ní fi sẹ́nu.

Ọmọ Èkìtì

Ẹ dákun, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ọ̀rọ̀ yìí bọ́ sí pápá lọ já olú. Ní kékeré, ìyá wa àgbà ni ó ń mú wa lọ sídìí ọ̀gán lẹ́yìn òjò, níbi tí olú tí ikán ń sìn nínú ilẹ̀ ti máa ń yọrí, ó sì mọ̀ wọ́n lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Mo wá rò pé èmi náà ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ gíga, mo já olú funfun ńlá kan lórí koríko, abẹ́ rẹ̀ ní àwọ̀ ewé díẹ̀, mo sì sè é. Kò tó wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn tí mo jẹ ẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tí mo sì ń yàgbẹ́ gbuuru títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìgbín ti jẹ lára rẹ̀ kí n tó já a, èyí tí mo fi ṣe ẹ̀rí pé kò lóró.

Ìyá Ìbejì, Àkúrẹ́

Ẹ ṣeun gan-an. Mo gbàgbé láti sọ pé wọ́n ní kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Ṣé ìyẹn yí nǹkan padà?

Onímọ̀ Oúnjẹ, Ìbàdàn

Ó yí i padà, Ìyá Ìbejì. Potásíọ̀mù tí mo yìn lókè yẹn ni kíndìnrín tí ó ti rẹ̀ kì í lè lé jáde, bí ó bá sì pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè da ìlù ọkàn rú. Ẹ dá olú náà dúró ná, kí ẹ mú èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ bá dókítà, kí wọ́n sọ iye tí ó lè jẹ lọ́sẹ̀.